Garrett Morgan: Ọmọ ẹrú tó wá ipò kẹta fún àmì oríta

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1877 ni wọ́n bí Garrett Morgan ní ìpínlẹ̀ Kentucky, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ kí òmìnira tó dé. Ìwé díẹ̀ ló kà tó fi kúrò nílé lọ wá iṣẹ́, kò tíì ju ọmọ ọdún 14 lọ. Lọ́dún 1895, ó dé ìlú Cleveland, ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, nígbà tó sì di ọdún 1907, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ìbòrí tí èèyàn lè fi mí nínú èéfín ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òyìnbó ò fẹ́ ra ọjà aláwọ̀ dúdú, ni Morgan bá gba òyìnbó kan pé kó máa ṣe bí ẹni tó ni ín. Ní oṣù keje ọdún 1916, gáàsì gbiná nínú ihò tí wọ́n ń gbẹ́ sábẹ́ adágún Erie. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé lọ dóòlà ẹ̀mí ò padà. Morgan àti Frank, ọmọ ìyá rẹ̀, dé ìbòrí náà, wọ́n sì gbé èèyàn jáde. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Èyí tó kan ẹni tó ń gba Òṣòdì kọjá ni iṣẹ́ tí ìjọba fún un níwèé-ẹ̀rí lé lórí ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1923. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe àmì ìdarí ọkọ̀ o. Cleveland ti ní iná oríta láti ọdún 1914. Ṣùgbọ́n ipò méjì ni púpọ̀ nínú àwọn àmì ìgbà náà ní: máa lọ, tàbí dúró. Bó bá ti yí báyìí, ọkọ̀ tó ṣì wà láàárín oríta àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè kọlura. Morgan fi ìkẹta kún un: kí ọkọ̀ gbogbo ọ̀nà dúró ná, kí oríta ṣófo.

Ẹ ya róbótó mẹ́ta sórí ìwé. Kí ọkọ̀ Ìsọlọ̀ máa lọ ni èkínní, kí ọkọ̀ Agége máa lọ ni èkejì, kí gbogbo ọkọ̀ dúró ni ẹ̀kẹta. Ẹ fa ọfà láti èkínní àti èkejì lọ sí ẹ̀kẹta, kí ẹ sì fà á padà láti ẹ̀kẹta sí méjèèjì. Ẹ má fa ìkankan láàárín èkínní àti èkejì. Irú àwòrán tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń yà fún ẹ̀rọ nìyẹn, tó máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ò ní rí róbótó kankan níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti ń lọ pọ̀; ìjàǹbá ò lè wáyé láé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọfà lè máa padà sọ́dọ̀ Ìsọlọ̀ ṣáá, kí ará Agége dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tí adarí ọkọ̀ ti gbàgbé sójú kan rí mọ ohun tí à ń wí. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí á pín ìdúró sí méjì, ọ̀kan lẹ́yìn Ìsọlọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn Agége, kí ọfà kan ṣoṣo jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ọ̀rọ̀ “láé” àti “bó pẹ́ bó yá” yìí ni Amir Pnueli mú wọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́dún 1977.

Morgan ò rí ìyẹn. Wọ́n ní 40,000 dọ́là ni iléeṣẹ́ General Electric fi ra àmì rẹ̀. Àrùn ojú bá a jà lọ́jọ́ ogbó, ó sì kú ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1963, lẹ́ni ọdún 86.