Edmond Fortier, Ayàwòrán Tí Ó Sọ Ìlú Di Káàdì

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí kò rí ẹni rọ́ ìtàn fún un yóò ṣe? Ìbéèrè yìí ni ó mú mi kọ nípa Edmond Fortier.

Ìlaròó ni wọ́n ti bí mi. Ilé ìyá ìyá mi, ilé alámọ̀ onílẹ̀kùn gbígbẹ́, ni òjò ọdún kan wó palẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni mo bá ìyá mi ná ọjà kọjá Ìdìròkò dé Àjàṣẹ́. Orí àtẹ kan níbẹ̀ ni mo ti rí káàdì àtijọ́, irú èyí tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́yìn, tí a sì ń fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ láìsí àpòòwé. Àwòrán Àjàṣẹ́ ayé àtijọ́ ni ó wà lára rẹ̀. Orúkọ Fortier wà nísàlẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni ọkùnrin yìí. Ọdún 1862 ni wọ́n bí i. Ní nǹkan bí ọdún 1900, ó tẹ̀dó sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kò jókòó sójú kan. Ní ọdún 1906, ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ dé Djenné àti Timbuktu. Ní 1908 àti 1909, ó dé Dahomey, tí a ń pè ní ilẹ̀ Benin lónìí, ó sì ya Àjàṣẹ́ àti Abomey. Káàdì tí ó tẹ̀ jáde lé ní 3,000. Wọ́n fi àwọ̀ kun àwọn kan nínú wọn kí ó lè wu oníbàárà. Dakar náà ni ó kú sí ní ọdún 1928.

Ní 1907 ni wọ́n parí mọ́ṣáláṣí ńlá Djenné tí gbogbo ayé ń lọ wò. Fortier ti débẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú náà ti rí kí ilé yìí tó parí, káàdì rẹ̀ ni yóò yẹ̀ wò.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Oníṣòwò ni, lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ó ya àwọn ọmọbìnrin ní ìhòòhò, ó sì tà wọ́n. Ojú àwọn ènìyàn wa wà lára káàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ níbẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni kò gbàgbé láti tẹ̀ sí i.

Síbẹ̀, àlejò ni ó ya Àjàṣẹ́ fún àwọn ará Àjàṣẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni yóò ya Ìlaròó àti Ayétòrò fún wa? Bí ọmọ mi bá bi mí bí ilé ìyá àgbà ti rí, ọwọ́ lásán ni n ó fi júwe rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sílé nígbà ìsinmi, ẹ ya ilé àtijọ́ ìlú yín kí òjò mìíràn tó dé. Kí ẹ sì kọ orúkọ onílé sí ẹ̀yìn àwòrán náà.