Ona Judge: Obìnrin ẹrú tó sá mọ́ Ààrẹ George Washington lọ́wọ́, tí wọn ò sì rí mú títí tó fi kú

Lọ́jọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 1796, Ààrẹ àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà ní, George Washington, àti ìyàwó rẹ̀ Martha jókòó ti oúnjẹ nílé Ààrẹ tó wà nílùú Philadelphia. Bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹrú nínú ilé náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò padà mọ́.

Ona Judge lorúkọ rẹ̀. Kò tíì ju ẹni ọdún 23 lọ nígbà yẹn. Washington, tó kó ọmọ ogun jọ láti gba òmìnira fún Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ò yéé rán èèyàn wá ọmọbìnrin yìí títí di ọdún tí òun fúnra rẹ̀ kú. Ta wá ni Ona Judge, báwo ló sì ṣe bọ́?

Ọmọ ẹrú, ẹrú ni

Ní nǹkan bí ọdún 1773 ni wọ́n bí Ona ní Mount Vernon, oko ńlá Washington ní Virginia. Betty ni ìyá rẹ̀, ẹrú tó mọ aṣọ rán dáadáa. Bàbá rẹ̀ ni Andrew Judge, télọ̀ kan tó jẹ́ òyìnbó ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Judge kì í ṣe ẹrú ní tiẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ọdún mélòó kan san owó ọkọ̀ tó gbé e wá sí Amẹ́ríkà ni, ó fẹ́ jọ bí ìwọ̀fà ṣe máa ń sin gbèsè nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ pé, ó kúrò ní Mount Vernon. Betty àti ọmọ ò lè bá a lọ.

Kí ló fà á tí ọmọ òyìnbó fi di ẹrú? Òfin Virginia ni. Láti ọdún 1662 ni wọ́n ti fi òfin dè é níbẹ̀ pé ipò tí ìyá bá wà lọmọ náà máa wà. Bí ìyá bá ti jẹ́ ẹrú, ọ̀rọ̀ bùṣe, ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́ bàbá.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Washington gan-an kọ́ ló ni Betty àti ọmọ ẹ̀. Kí Martha tó fẹ́ Washington, ó ti fẹ́ ọkùnrin olówó kan, Daniel Parke Custis, tó kú lọ́dún 1757. Inú ogún Custis ni Betty ti wá. Martha láǹfààní láti máa lo àwọn ẹrú ogún yìí títí tí òun náà fi máa kú, ṣùgbọ́n ìdílé Custis ló ni wọ́n. Àtòun àtọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tí òfin fún láṣẹ láti dá wọn sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa já sí nígbẹ̀yìn.

Nígbà tí Ona tó bí ọmọ ọdún 10, wọ́n mú un wọ ilé ńlá kó lè máa ran Martha lọ́wọ́. Òun ló ń bá a wọṣọ, òun ló ń bá a tọ́jú irun, ó sì ń rán aṣọ bíi ìyá rẹ̀. Tí Martha bá ń ròde, Ona á tẹ̀ lé e. Àmọ́ wọn ò kọ́ ọ ní ìwé kíkà rárá.

Òfin oṣù mẹ́fà

Ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 1789 ni wọ́n búra fún Washington gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ ní New York, tó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà. Ẹrú méje ló mú dání láti Virginia. Ona wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Austin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Lọ́dún 1790, ìjọba kó lọ sí Philadelphia, ni wọ́n bá jọ kó lọ síbẹ̀.

Ohun tí Ona bá ní Philadelphia yàtọ̀ pátápátá sí ti Virginia. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ṣì jẹ́ ẹrú lọ. Wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, wọ́n ń gba owó iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ona ń rí wọn, ó sì ń bá wọn ṣọ̀rẹ́.

Òfin ìpínlẹ̀ Pennsylvania tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 1780 ni wọ́n ti ń fòpin sí òwò ẹrú díẹ̀díẹ̀. Òfin náà sọ pé bí àlejò láti ìpínlẹ̀ mìíràn bá mú ẹrú wá, tí ẹrú ọ̀hún sì lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ó lè béèrè òmìnira rẹ̀. Wọ́n yọ àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kúrò nínú òfin yìí, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ Ààrẹ. Àwọn ẹrú Edmund Randolph, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, tiẹ̀ ti lo òfin yìí, wọ́n sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló ta àwọn ará ilé Washington lólobó.

Kí ni Washington wá ṣe? Ó ní kí Tobias Lear, akọ̀wé rẹ̀, máa wá ọgbọ́n kó àwọn ẹrú náà jáde kúrò ní Pennsylvania kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí wọ́n sì tún kó wọn padà. Ó ní kó ṣe é lọ́nà tí àwọn ẹrú náà àti ará ìlú ò fi ní fura. Lọ́dún 1791, Martha mú Ona sọdá odò lọ sí Trenton ní New Jersey fúngbà díẹ̀. Bí wọ́n ṣe padà dé, ó di kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí Pennsylvania ti ṣàtúnṣe òfin yìí láti ka irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Ẹ̀bùn ìgbéyàwó

Lóṣù Kẹta, ọdún 1796, ọmọ-ọmọ Martha, Elizabeth Custis, ṣègbéyàwó pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Law. Martha wá pinnu pé òun máa fi Ona ta ìyàwó tuntun náà lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé etí Ona. Ó mọ Elizabeth, ó mọ̀ pé inú rẹ̀ máa ń ru fùù. Ó sì mọ̀ pé tóun bá ti lè bá wọn dé Virginia, ó parí nìyẹn.

Lásìkò yẹn, gbogbo ilé ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Mount Vernon. Bí àwọn tó kù ṣe ń di ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni Ona náà ń di tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ọ̀rẹ́ ṣáájú. Nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ó rìn jáde.

Lọ́jọ́ díẹ̀ sígbà náà, ẹni tó ń bójú tó ilé Ààrẹ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn: dọ́là 10 ni ẹ̀bùn ẹni tó bá mú un wá. Ṣùgbọ́n Ona ti wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Nancy, ó ti dorí kọ Portsmouth ní New Hampshire. John Bowles ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ona ò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí tí ọkùnrin náà fi kú, kí wọ́n má bàa fìyà jẹ ẹ́.

Wọ́n rí i ní Portsmouth

Kò pẹ́ rárá tí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ní ìgboro. Elizabeth Langdon ni, ọmọ Sẹ́nétọ̀ John Langdon, tó ti máa ń ṣe àlejò ìdílé Washington. Ona yára bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Washington fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lu òfin ọdún 1793 tó fún olówó ẹrú láǹfààní láti mú ẹrú tó sá lọ, kó sì gbé e lọ síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n adájọ́ túmọ̀ sí ariwo, Ààrẹ ò sì fẹ́ ariwo. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lé Oliver Wolcott, akọ̀wé ìjọba fún ètò ìnáwó, lọ́wọ́. Wolcott kọ̀wé sí Joseph Whipple, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ní Portsmouth.

Whipple ránṣẹ́ pe Ona bí ẹni pé iṣẹ́ ló fẹ́ fún un. Nígbà tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe pé ẹnì kan tàn án lọ, òmìnira ló ń wá. Ó jíṣẹ́ pé Ona gbà láti padà bí wọ́n bá ṣèlérí pé òun máa di òmìnira lẹ́yìn ikú Washington àti Martha. Washington kọ̀ jálẹ̀. Lójú tiẹ̀, fífi òmìnira san ẹni tó sá lọ lẹ́san á jẹ́ ìwà ìrẹ́jẹ sí àwọn tó dúró. Ó ní kí wọ́n mú un padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe é lọ́nà tó máa dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Whipple ò fipá mú un.

Lóṣù Kìíní, ọdún 1797, Ona fẹ́ Jack Staines, aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira, tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Eliza, Nancy àti William.

Wọ́n tún padà wá

Lọ́dún 1799, Burwell Bassett, ọmọ àbúrò Martha, dé sí Portsmouth. Jack wà lójú òkun, Ona nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Bassett kọ́kọ́ fi ẹnu tútù bẹ̀ ẹ́. Ona ní òun ti di òmìnira, òun ò sì ní padà. Bassett wá pinnu láti fipá gbé tìyá tọmọ. Ilé Sẹ́nétọ̀ Langdon ló dé sí, ó sì jẹ́ kí ọkùnrin náà mọ ohun tó ní lọ́kàn. Langdon dọ́gbọ́n ránṣẹ́ sí Ona. Kí Bassett tó débẹ̀, Ona ti gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ sílùú Greenland tó wà nítòsí, sọ́dọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú kan. Ọwọ́ òfo ni Bassett bá lọ.

Lọ́jọ́ 14, oṣù Kejìlá, ọdún náà, Washington kú. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó ní kí àwọn ẹrú 123 tí wọ́n jẹ́ tiẹ̀ di òmìnira lẹ́yìn ikú Martha. Martha ò dúró dìgbà yẹn, ó dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1801. Àwọn ẹrú ogún Custis tó wà ní Mount Vernon ńkọ́? Wọ́n jẹ́ 153. Kò sí òmìnira fún wọn. Nígbà tí Martha kú lọ́dún 1802, wọ́n pín wọn fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dé bá Ona. Lójú òfin, ẹrú ìdílé Custis ló ṣì jẹ́. Àwọn ọmọ tó bí fún ọkùnrin tó ti gba òmìnira, nílẹ̀ New Hampshire, ẹrú ni òfin ka àwọn náà sí, torí pé ìyá lọmọ ń bá lọ.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀

Ayé ò rọ Ona lọ́rùn. Jack kú lọ́dún 1803. Eliza àti Nancy náà kú ṣáájú ìyá wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ, nígbà tó sì darúgbó, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn aláìní ló ń gbé e ró.

Ó ti lé ní 70 ọdún nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn tó ń gbógun ti òwò ẹrú gbé ìtàn rẹ̀ jáde, lọ́dún 1845 àti ọdún 1847. Ó sọ fún àwọn tó wá bá a pé ilé Washington kọ́ lòun ti mọ ìwé kà, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ kọ́ lòun ti mọ Ọlọ́run. Ẹ̀yìn tóun sá kúrò lòun tó mọ méjèèjì. Wọ́n bi í bóyá ó kábàámọ̀, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn tó kúrò le ju ti ilé Ààrẹ lọ. Ó ní rárá, pé òun ti di òmìnira, òun sì gbà pé òun ti di ọmọ Ọlọ́run.

Ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 1848 ló kú. Ó ti lé ní ọdún 51 tó ti wà lómìnira, láìsí bébà kankan tó fi òmìnira náà lé e lọ́wọ́.

Lọ́dún 2010, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan sí ojúko ilé Ààrẹ tó wà ní Philadelphia nígbà náà. Wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹrú mẹ́sàn-án tí Washington kó wá síbẹ̀ sára ògiri. Orúkọ Ona wà lára wọn.