Àlùfáà Samuel Johnson àti ìdílé tó ti jáde wá

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ lónìí yóò gba Fìdítì, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti Ìlọrà kọjá. Ìlú méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà yìí ni Àlùfáà Samuel Johnson fi ṣe ilé: Ìbàdàn ló dàgbà sí, Ọ̀yọ́ ló ti ṣiṣẹ́ Olúwa títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ òyìnbó yẹn lè rò pé àlejò ni. Ọmọ onílé ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni baba rẹ̀, Henry Erugunjinmi, ọmọ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni wọ́n sì pè é. Òwò ẹrú ló gbé e kúrò nílé, tó fi bá ara rẹ̀ ní Sàró, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Ọmọ méje ni òun àti Sarah, ìyàwó rẹ̀, bí. Samuel ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìlú Hastings ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1846. Henry àti Nathaniel, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, di àlùfáà, Obadiah sì di dókítà oníṣègùn.

Lọ́dún 1858, ìdílé náà padà sílẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì dé sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ Hinderer, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ CMS. Samuel kàwé ní Abẹ́òkúta, ó ṣe tíṣà n'Ìbàdàn, ó di díákónì lọ́dún 1880 àti àlùfáà lọ́dún 1888. Nígbà Ogun Kírìjí, òun àti Charles Phillips ni wọ́n rán sáwọn tó ń jà, àdéhùn àlàáfíà sì wáyé lọ́dún 1886.

Samuel lọ ń bi àwọn àgbà léèrè ìtàn gbogbo Yorùbá. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó dé ọ̀dọ̀ David Kúkọmí n'Ìbàdàn àti Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ. Lọ́dún 1897, ìwé náà parí. Àṣé wàhálà kò tíì tán. Nígbà tó dé ọwọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní London, ó sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Johnson kú lóṣù kẹrin ọdún 1901, kò fojú rí ìwé rẹ̀.

Dókítà Obadiah ló kó àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Lọ́dún 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé apá kan rẹ̀, ó dé Amẹ́ríkà kó tó padà dé London. Obadiah kú lọ́dún 1920, ìwé jáde lọ́dún 1921.

Ẹ̀yin àgbà Fìdítì, Ìlọrà àti agbègbè wọn, ìtàn ìdílé yín ńkọ́? Ẹ pe ọmọ kan tó mọ̀wé jókòó, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó sì kọ ọ́ ní méjì.