John Cooper (olùṣe ọkọ̀ ìdíje)

John Newton Cooper (ọjọ́ 17 oṣù Keje, ọdún 1923 – ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọdún 2000) jẹ́ olùṣe ọkọ̀ ìdíje ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti bàbá rẹ̀, Charles Cooper, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Cooper Car Company sílẹ̀. Ohun méjì ni ó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ káàkiri ayé. Èkíní ni ọkọ̀ ìdíje tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi gba ife-ẹ̀yẹ Formula One ní ọdún 1959 àti ọdún 1960. Èkejì ni Mini Cooper, ọkọ̀ kékeré tí ó sọ di alágbára nípa fífún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ yìí nígbà kan, ṣùgbọ́n orúkọ náà padà sí i kí ó tó kú, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀

Ìlú Surbiton ní agbègbè Surrey ni wọ́n ti bí Cooper. Bàbá rẹ̀ ní ilé ìtúnkọ̀ṣe níbẹ̀, ó sì ti máa ń tọ́jú ọkọ̀ ìdíje fún awakọ̀ Kaye Don. Nípa bẹ́ẹ̀, àárín ẹ̀rọ àti epo ni ọmọ náà dàgbà sí. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ tí ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe irinṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn awakọ̀

Ní ọdún 1946, Cooper àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eric Brandon, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ìdíje kékeré kan pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Charles Cooper. Ìdíje àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn kò ju 500 cc lọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ohun èlò sì wọ́n púpọ̀. Wọ́n gé apá iwájú ọkọ̀ Fiat Topolino méjì, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì alùpùpù JAP sí i. Ṣéènì ni ẹ́ńjìnnì alùpùpù fi ń yí táyà, ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún wọn láti gbé e sẹ́yìn, nítòsí táyà tí yóò máa yí. Kì í ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó bí ètò yìí bí kò ṣe ohun tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn. Àwọn ará Jámánì náà ti gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn nínú ọkọ̀ Auto Union kí ogun tó bẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé wọn kò pọ̀.

Ọkọ̀ náà yára, kò sì wọ́n. Ní kò pẹ́, àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá rà á. Stirling Moss, tí ó di gbajúmọ̀ awakọ̀ lẹ́yìn náà, wà lára àwọn oníbàárà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, Cooper mú ètò kan náà wọ Formula One. Ní oṣù Kìíní ọdún 1958, Moss fi ọkọ̀ Cooper gba ipò kìíní ní orílẹ̀-èdè Argentina. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn borí nínú ìdíje àgbáyé Formula One.

Jack Brabham, ọmọ ilẹ̀ Australia, ni ó fi ọkọ̀ Cooper di akọni àgbáyé ní ọdún 1959. Nínú ìdíje tí ó kẹ́yìn ọdún náà ní Sebring, ní Amẹ́ríkà, epo tán nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé òpin, ó sì fi ọwọ́ tì í débẹ̀ ní ipò kẹrin. Ó tún gba ife-ẹ̀yẹ náà ní ọdún 1960. Ní ọdún 1961, ó wa ọkọ̀ Cooper nínú ìdíje Indianapolis 500, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án láàárín àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tiwọn tóbi jù ú lọ. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà náà fi gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje wọn sẹ́yìn.

Mini Cooper

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ BMC gbé ọkọ̀ Mini jáde. Alec Issigonis, ọ̀rẹ́ Cooper, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọkọ̀ fún mẹ̀kúnnù ni wọ́n pète rẹ̀ sí: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 848 cc, agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 34. Cooper rí i pé ó máa ń di ojú títì mú ṣinṣin níbi kọ́nà, ó sì rí i pé agbára nìkan ni ó kù fún un. Issigonis kò kọ́kọ́ fara mọ́ èrò yìí, nítorí pé ọkọ̀ ìrìnnà lásán ni ó fẹ́ ṣe. Cooper wá lọ bá George Harriman, ọ̀gá àgbà BMC, ẹni tí ó gbà láti kọ́kọ́ ṣe 1,000. Àdéhùn wọn ni pé Cooper yóò máa gba pọ́ùn 2 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mini Cooper jáde ní ọdún 1961. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di 997 cc, agbára rẹ̀ sì di agbára ẹṣin 55. Kábúrétọ̀ SU méjì ni wọ́n fi rọ́pò ẹyọ kan tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi bíréèkì onídíìsì sí táyà iwájú. Iye afẹ́fẹ́ tí ó bá wọ inú sílíńdà ni ó máa ń pinnu iye epo tí ẹ́ńjìnnì lè jó dáadáa. Bí ọnà afẹ́fẹ́ bá fún, epo tí a bá fi kún un kò ní di agbára. Kábúrétọ̀ kejì wulẹ̀ la ọ̀nà tí ó ti dí ni.

Mini Cooper S tẹ̀lé e ní ọdún 1963. Ọkọ̀ yìí ni ó gba ipò kìíní nínú Monte Carlo Rally ní ọdún 1964, 1965 àti 1967. Ní ọdún 1966, Mini Cooper mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìdíje yọ gbogbo wọn kúrò nítorí iná iwájú wọn.

Ìjàǹbá àti yíyọ orúkọ rẹ̀

Ní ọdún 1963, Cooper ń dán Mini kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì méjì wò nítòsí Kingston nígbà tí ọkọ̀ náà dojú dé, ó sì fara pa gidigidi. Ken Tyrrell ni ó bá a bójú tó ẹgbẹ́ awakọ̀ rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1964. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Cooper ta ẹgbẹ́ ìdíje náà. Ìgbà tí ọdún 1968 fi parí, ilé-iṣẹ́ Cooper ti kúrò nínú Formula One, lẹ́yìn tí ó ti borí nínú ìdíje Grand Prix 16.

BMC náà ti di apá kan British Leyland nígbà yẹn. Ní ọdún 1971, àwọn aláṣẹ tuntun fòpin sí àdéhùn Cooper, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára Mini. Cooper padà sí irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe: ó ṣí ilé ìtúnkọ̀ṣe sí Ferring ní agbègbè Sussex, níbi tí ó ti ń ta ọkọ̀ Honda.

Ìpadàbọ̀ orúkọ náà

Àwọn ará Japan ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ náà padà. Mini tà púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1980, àwọn tí ó rà á sì fẹ́ agbára bíi ti Mini Cooper àtijọ́. Cooper àti ọmọ rẹ̀, Mike, bẹ̀rẹ̀ sí í kó kábúrétọ̀ méjì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn jọ sínú páálí kan náà, kí mẹkáníìkì lè fi wọ́n sára ọkọ̀ tí ẹni kan ti rà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Rover, tí ó ń ṣe Mini nígbà náà, rí bí ọjà yìí ṣe ń tà, ó dá Mini Cooper padà ní ọdún 1990.

BMW ra Rover ní ọdún 1994, ó sì di Mini mú nígbà tí ó ta ìyókù ní ọdún 2000. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n ṣe Mini àtijọ́ tí ó kẹ́yìn ní Longbridge. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi oyè CBE dá Cooper lọ́lá. Ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ní ẹni ọdún 77.

Ogún rẹ̀

Mini tuntun jáde ní ọdún 2001, Cooper S sì tẹ̀lé e ní ọdún 2002. Ẹ́ńjìnnì Cooper S yìí jẹ́ lítà 1.6, agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 163. Kì í dúró de afẹ́fẹ́ kí ó wọlé fúnra rẹ̀, nítorí pé supercharger Eaton M45 ń fi ipá tì í wọlé. Bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni ó ń yí ẹ̀rọ náà. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná, nítorí náà ó ń gba inú ẹ̀rọ atutù kan kọjá lórí ẹ́ńjìnnì kí ó tó dé inú sílíńdà.

Mike Cooper gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ dé orí ọkọ̀ yìí lábẹ́ orúkọ John Cooper Works. Àkójọ ẹ̀yà tí ó ṣe gbé agbára Cooper S dé agbára ẹṣin 200, ó sì dé 210 lẹ́yìn náà. Púlì tí ó kéré wà lára rẹ̀, kí supercharger lè yára sí i. Nínú èyí tí ó dé 210, wọ́n tún àpótí fíltà afẹ́fẹ́ ṣe: wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré kan sí i tí ó máa ń ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré gidigidi, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀nà méjì wọlé.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ń ta fíltà àti ọnà afẹ́fẹ́ fún ọkọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń fi agbára kún un. Fíltà tí kò ní àpótí lè mú kí ariwo supercharger pọ̀ sí i, síbẹ̀ kí ó máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju èyí tí ó tutù lọ, èyí sì lè dín agbára tí olówó ń wá kù.

BMW ra orúkọ John Cooper Works nígbà tí ó yá. Supercharger ti kúrò lára Mini, tọ́bò ni ó rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n BMW ṣì ń lo orúkọ Cooper fún ọkọ̀ Mini.