Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá: Awakọ̀ tó di wòlíì

Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Adó-Èkìtì, tí ó gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá dé Arámọ̀kọ, tí ó sì gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ti dé ìlú tí wọ́n sin Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ nípa bí a ṣe ń gbé ìgbé ayé ojoojúmọ́ láìbẹ̀rù kò kéré rárá.

Ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Òdò-Ọwá, ní ibi tí a mọ̀ sí ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ọmọ ìjọ CMS ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ni ó di awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ní iléeṣẹ́ P.W.D. Iṣẹ́ ìjọba ni, owó oṣù sì dájú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà dákú ní ìtòsí Ìkejì-Arákejì. Ó jẹ́rìí pé òun gbọ́ ohùn tí ó ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Òdò-Ọwá pẹ̀lú eérú lára, tí ó ń wàásù, wèrè ni àwọn ará ilé pè é.

Ní oṣù keje ọdún 1930, ní Òkè-Òoyè, Ìlẹ́ṣà, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀. Owó kòkó ti wálẹ̀ nígbà náà, owó orí ń wọ àwọn ènìyàn lọ́rùn, ọsibítù kò sì tó nǹkan. Èrò wọ́ wá láti ìlú dé ìlú, oníkálùkù gbé omi lọ́wọ́ kí ó lè gbàdúrà sí i. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ọdún kan náà, ọba ìlú sì di onígbàgbọ́.

Ohun tí ó ń kọ́ wọn kò le. Ẹ̀rù àjẹ́, ẹ̀rù ọ̀tá àti ẹ̀rù ọ̀la ni ó ń jẹ ayọ̀ ènìyàn run. Ẹni tí ó bá dáná sun oògùn ìṣọ́ra rẹ̀, tí ó sì fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀, yóò lọ sí oko pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀. Àdúrà kì í ṣe ti ọjọ́ Àìkú nìkan.

Ẹ̀kọ́ náà ní owó tí ó ń gbà. Ní ọdún 1932, ọ̀rọ̀ àjẹ́ gbé e dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Àwọn míṣọ́nárì tí ó wá láti Ìlú Ọba ń lo kùnínì. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúrà nìkan tó. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó tú wọn ká, tí ìjọ Christ Apostolic Church fi dìde, tí ó sì gba orúkọ yìí ní ọdún 1943. Kí a má tan ara wa jẹ: ibà ń pa ẹni tí kò lo oògùn. Ibi tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá ti ń jiyàn nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1959 ni ó kú ní Ẹdẹ, wọ́n sì gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ní Ìkejì-Arákejì, ibi tí ẹ̀rọ ti dákú, Yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dúró síbẹ̀ láti ọdún 2006. Ayọ̀ ni orúkọ tí òbí sọ ọ́. Kò ní ọrọ̀, wọ́n pè é ní wèrè, ó ṣẹ̀wọ̀n, síbẹ̀ kò padà sí ìdí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, àwa tí iṣẹ́ àti owó oṣù wà lọ́wọ́ wa: kí ni ó ń jí ayọ̀ tiwa gbé?