Haruna Ìṣọ̀lá: Ó Jókòó Kọrin, Gbogbo Òde Dìde Jó

Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan tó ti dolóògbé ló kàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín á ti máa retí olóṣèlú tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n. Rárá o. Olórin la gbé wá. Haruna Ìṣọ̀lá Bello lorúkọ rẹ̀, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin àpàlà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti kú, àmọ́ ẹ dá orúkọ yẹn níwájú bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín, kẹ́ ẹ wá wo bí ojú wọn á ṣe tàn.

Ká sọ tòótọ́, púpọ̀ nínú wa ló mọ orin ọmọ rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Musiliu Haruna Ìṣọ̀lá ló kọ Soyoyo, tí gbogbo ìgboro ń jó sí nígbà kan. Àwọn kan ní kíláàsì wa tiẹ̀ máa ń fi àpàlà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní orin arúgbó ni. Ṣùgbọ́n odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ jẹ́ ká dé orísun ná.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Haruna, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní. Ní ayé ìgbà tó ń dàgbà, kò sí tẹlifíṣọ̀n, rédíò pàápàá kò kárí ilé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin, òde ló ń lọ: ibi ìsọmọlórúkọ, ibi ìgbéyàwó, ibi ìwúyè, ibi ìsìnkú àgbà, tàbí ọdún Iléyá. Níbẹ̀ lorin wà, níbẹ̀ lolórin sì ti ń di olórin.

Àpàlà jẹ́ orin tó gbilẹ̀ gan-an láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀ jù: ìlù tó ń sọ̀rọ̀, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo. Fún ẹni tí kò rí agídìgbo rí, àpótí pákó ni, tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ mọ́ lójú. Ìka ni wọ́n fi ń ta irin yìí, ìró rẹ̀ sì máa ń lọ sísàlẹ̀ dùn-ún dùn-ún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò.

Ní 1947 ni Haruna dá ẹgbẹ́ àpàlà tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí. Àsìkò yẹn làwọn olórin jùjú ń fi gìtá kún orin wọn, nígbà tó sì yá, I. K. Dairo gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú tirẹ̀, ó sì dùn. Haruna kò lo ọ̀kankan. Títí tó fi kú, ohun èlò ilẹ̀ wa ló dì mú.

ÀWO TÍ KÒ TÀ

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ tó di gbajúmọ̀. Ní 1948, ilé-iṣẹ́ HMV gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Orin náà jẹ́ ti Ọba Adébóyè, Orímolúsì ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà jáde, àmọ́ kò tà. Ẹlòmíì á ti padà sídìí iṣẹ́ míì. Haruna kò padà. Ó kó àwọn onílù rẹ̀, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, láti òde kan sí òde kejì.

Ní 1955, Ọba Adébóyè wàjà. Haruna tún orin ọba náà kọ, àwo rẹ̀ sì tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ńṣe ni wọ́n ń rà á wìtìwìtì. Àbí kí ló yí padà? Òótọ́ ni pé ikú ọba mú kí àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 7 tó wà láàárín àwo méjèèjì. Láàárín ọdún 7 yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti jókòó níwájú rẹ̀ ní ìta gbangba. Wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ nínú àwo. Òde ló sọ àwo di ọjà.

LÓDE ÀRÍYÁ

A bi àwọn àgbà kan léèrè ládùúgbò wa, àwọn tó fojú ara wọn rí i. Ohun tí gbogbo wọn kọ́kọ́ ń sọ ni pé Haruna kì í dìde. Jíjókòó ló ń jókòó kọrin. Àwọn onílù á yí i ká, àwọn elégbè á wà nítòsí, òun á wà láàárín wọn bí ọba láàárín ìjòyè.

Bàbá kan tó fi iṣẹ́ awakọ̀ jẹun nígbà èwe rẹ̀ sọ fún wa pé níbi ìsìnkú ìyá arúgbó kan lòun ti rí i. Wọ́n ti dí ojú títì, wọ́n fi igi àti tapólì ṣe àtíbàbà, wọ́n to bẹ́ǹṣì. Ilẹ̀ ti ṣú kí olórin tó dé. Bàbá ní òun rò pé ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ á máa fò sókè-sódò ni. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe rọra jókòó, tó tún apá agbádá rẹ̀ ká, tó sì dákẹ́. Onílù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ohùn Haruna wọlé, àwọn tó ń jẹun gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀. Kò pariwo o. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá, síbẹ̀ ẹni tó wà lókèèrè ń gbọ́, torí pé gbogbo òde ti pa lọ́lọ́.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní tirẹ̀ sọ pé ọmọdé lòun nígbà náà. Wọ́n ní kó lọ sùn, ó gba ẹ̀yìnkùlé sá jáde, ó lọ lúgọ sábẹ́ tábìlì àwọn àlejò. Ẹsẹ̀ èèyàn ló ń rí. Ó ní nígbà tí orin kò tíì gbóná, ẹsẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ aga. Nígbà tó yá, aga ṣófo, bàtà nìkan ló kù nílẹ̀, àwọn tó ni bàtà ti wà lójú agbo. Ìró agídìgbo ń gba inú ilẹ̀ bọ̀ wá bá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 70 báyìí, síbẹ̀ ó ní òun ṣì ń gbọ́ ìró yẹn nígbà míì tí òun bá jókòó jẹ́jẹ́.

Wọn kò rántí aago tí òde tú. Ìyẹn kò yani lẹ́nu. Haruna lè kọrin fún wákàtí 4, ó sì lè tó 10 kó tó dìde. Kì í kánjú. Ó lè fi ìdajì wákàtí ki ẹnì kan ṣoṣo, kó mẹ́nu ba baba rẹ̀, ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, kó fi òwe sí i, kó fi ọ̀rọ̀ Kùránì sí i, kó sì gbàdúrà fún un. Ẹni tí wọ́n ń kì á wá dìde wẹ́rẹ́, á bọ́ sójú agbo, á máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Títí di 1973, pọ́n-ùn àti ṣílè ni. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó di náírà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó yẹ ká sọ. Nígbà tá a ń kó iṣẹ́ yìí jọ, ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ wa bi wá bóyá ó yẹ ká fi ẹni tó ń kọrin yin olówó ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọ ilé-ìwé. Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ohun tá a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé Haruna yin ọba, ó yin oníṣòwò, ó yin ẹgbẹ́ àríyá. Owó tí wọ́n ná fún un ló fi bọ́ ilé rẹ̀ àti àwọn onílù rẹ̀. Àmọ́ ẹ ronú sí i: mélòó nínú àwọn olówó ìgbà yẹn la ṣì mọ orúkọ wọn lónìí? Ilé wọn ti wó, mọ́tò wọn ti di irin àlòkù. Àwọn tá a ṣì ń gbọ́ orúkọ wọn ni àwọn tí Haruna fi sínú orin. Wọ́n rò pé àwọn ló ń fún un lówó, àṣé òun ló ń fún wọn ní ẹ̀mí gígùn.

ÒRÒKÍ

Ìlú Òṣogbo náà kò gbẹ́yìn nínú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Òròkí Social Club wà níbẹ̀, Haruna àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń ṣeré fún wọn, èrò á pé bí omi. Ní 1971, ilé-iṣẹ́ Decca gbé àwo Oroki Social Club jáde. Àwo yìí ló gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó tà ju mílíọ̀nù 5 lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ giramafóònù nígbà náà tí kò sì ní àwo yẹn, àlejò á bi í pé kí ló dé.

Haruna rìn jìnnà pẹ̀lú. Wọ́n pè é dé orílẹ̀-èdè Benin, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé Faransé, Jámánì àti Ítálì. Àpàlà tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà ló gbé débẹ̀, kò sì tìtorí òyìnbó pààrọ̀ ìlù rẹ̀.

Ó FẸ́ NÍ TIRẸ̀

Ohun tó jẹ́ kí èmi fúnra mi fẹ́ràn ìtàn yìí nìyí. Lásìkò yẹn, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó ló ń gba ohùn àwọn olórin wa sílẹ̀. Olórin á kọrin, wọ́n á fún un ní ìwọ̀nba owó, èrè tó kù di tiwọn. Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo pawọ́ pọ̀ dá Star Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo tó jẹ́ pé àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín. Ẹ rántí pé ẹlẹ́ṣin Kírísítì ni Dairo, Mùsùlùmí ni Haruna. Jùjú ni ti ọ̀kan, àpàlà ni ti èkejì. Ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó dìjà.

Nígbà tó di 1979, ó tún tẹ̀síwájú. Ó ná owó rẹ̀ sórí Phonodisk, ilé ìgbohùnsílẹ̀ ìgbàlódé ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tí kò fi gìtá kọrin rí ló gbé ẹ̀rọ ìgbàlódé wá sílé. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú kó di ìlù ilẹ̀ wa mú. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tuntun tó wúlò fún un, ó gbà á; èyí tí kò wúlò, ó fi sílẹ̀. Níbi tí mo ti dá olùkọ́ wa lóhùn gan-an nìyẹn: owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí kò parí síbi àríyá.

IKÚ RẸ̀ ÀTI OHUN TÓ KÙ

Ní 1981, Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè orílẹ̀-èdè dá a lọ́lá. Ní 1983, ọlọ́jọ́ dé. Ọdún 3 ṣáájú ìyẹn ni Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Abẹ́òkúta, gbajúgbajà olórin àpàlà kejì, ti kú. Láàárín ọdún 3, òpó méjì wó nínú ilé kan ṣoṣo. Fújì ti ń gbòde nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé àpàlà ti tán. Ọmọ rẹ̀, Musiliu, ló gbé e dìde tó fi dé etí àwa ọmọ ìsinsìnyí.

Àwo rẹ̀ ṣì wà, ohùn rẹ̀ kò sọnù. Ohun tó lè sọ nù ni òde yẹn: bí òru ṣe rí, bí gbogbo ènìyàn ṣe dákẹ́, ẹni tó dìde jó àti ẹni tó ń sunkún nítorí wọ́n ki baba rẹ̀ tó ti kú. Àwo kò gba ìyẹn sílẹ̀. Inú àwọn èèyàn ló wà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí àwo Òròkí jáde ní 1971 ti ń sún mọ́ 70 tàbí kó ti kọjá rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ láìsọ, ó tán nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣe wá lóore kan. Bẹ́ ẹ bá délé nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi àwọn àgbà yín bóyá wọ́n rí Haruna rí. Ẹ bi wọ́n níbo ni, ta ló ń ṣe òde, aṣọ wo ni wọ́n wọ̀, ta ni wọ́n bá lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú un wá fún ẹgbẹ́ oníròyìn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àyè ṣì kù lórí pátákó yìí dáadáa. Kí Ọlọ́run tẹ́ Haruna Ìṣọ̀lá sí afẹ́fẹ́ rere.