Jock Stein: Awakùsà Tí Ó Di Ọ̀gá Agbábọ́ọ̀lù

Nínú gbogbo àwọn tí ó ti ṣe alákòóso ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, ìwọ̀nba díẹ̀ ni orúkọ wọn rinlẹ̀ tó ti John Stein, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jock. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù kọ́ ni ó kọ́kọ́ fi jẹun. Èédú ni ó ń wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 1922, ni a bí i ní Burnbank, lẹ́bàá ìlú Hamilton, ní àgbègbè Lanarkshire. Awakùsà ni bàbá rẹ̀. Stein kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí òun náà fi sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò èédú. Ní ọdún 1942, ẹgbẹ́ Albion Rovers ti ìlú Coatbridge gbà á wọlé, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san kò tó gbọ́ bùkátà. Fún ọdún mẹ́jọ, èédú ni ó ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé ni yóò tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Inú òkùnkùn yẹn ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò gbàgbé: ọwọ́ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ni ẹ̀mí ẹni wà.

Ó ti pé ọmọ ọdún 27 kí ó tó fi bọ́ọ̀lù nìkan ṣe iṣẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ Llanelly ní ilẹ̀ Wélsì gbà á ní 1950. Ibẹ̀ náà kò rọgbọ. Àwọn olè fọ́ ilé tí ó fi sílẹ̀ ní Hamilton lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ń múra àtipadà sídìí èédú nígbà tí ẹgbẹ́ Celtic ti ìlú Glasgow rà á ní £1,200 ní oṣù kejìlá, ọdún 1951. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ó máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà nínú ẹgbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbá ẹ̀yìn fara pa, wọ́n sì pè é wá dí àlàfo. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní 1954, òun ni balógun nígbà tí Celtic gba líìgì àti ife ẹ̀yẹ Skọ́tlándì pọ̀, èyí tí wọn kò ṣe láti 1914.

Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà tí wọ́n ṣí wá láti Ayalándì ni wọ́n dá Celtic sílẹ̀. Ìdílé Stein kì í ṣe Àgùdà, gbọ́nmi-si-omi-ò-to ẹ̀sìn sì le ní Glasgow débi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kẹ̀yìn sí i nítorí aṣọ tí ó wọ̀. Kò bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ fún wọn.

Ọrùn ẹsẹ̀ tí ó fi pa ni ó lé e kúrò lórí pápá ní 1957. Ó di alákòóso Dunfermline ní 1960, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń rì lọ. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, wọ́n na Celtic gan-an ní 2-0, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Skọ́tlándì. Ó ti Dunfermline lọ sí Hibernian, kí Celtic tó pè é padà ní oṣù kẹta, ọdún 1965. Kò sí ẹni tí kì í ṣe Àgùdà tí ó jókòó sí ipò náà rí. Láti 1966 títí di 1974, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó gba líìgì Skọ́tlándì.

Ọjọ́ tí ó ga jù ni ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, ní Lisbon, níbi tí Celtic ti pàdé Inter Milan ti ilẹ̀ Ítálì fún ife ẹ̀yẹ Yúróòpù. Inter ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti Celtic, kò sí ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá tí a bí ní ibi tí ó ju máìlì 30 lọ sí pápá wọn. Inter fi gbe-sílẹ̀-gbá-a-wọlé jẹ góòlù kan, wọ́n sì sá sẹ́yìn láti ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ Stein kò yéé kọlù wọ́n, bí ọkùnrin mọ́kànlá tí ó wà nínú kòtò kan náà. Tommy Gemmell dá a padà. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Stevie Chalmers fi èkejì lé e. Kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì tí ó gba ife náà rí ṣáájú wọn.

Ìjàm̀bá ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní 1975. Ní 1978 ó kúrò ní Celtic, ó sì di alákòóso ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí ó kó lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní Sípéènì ní 1982. Nígbà tí àwọn awakùsà Bìrìtéènì daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1984, ẹ̀yìn wọn ni ó wà.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1985, bí Skọ́tlándì àti Wélsì ti ń ta ọ̀mì 1-1 lọ sópin ní Cardiff, Stein ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Yàrá ìtọ́jú ibẹ̀ ni ó kú sí, ní ọmọ ọdún 62. Ọ̀mì yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀nà ife àgbáyé 1986 dí mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n dé ibẹ̀. Òun kò bá wọn dé e.